Kókó Kejìlá Nínú Ìwé Dókítà Blom

Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ká ní wọ́n ń sọ èyí ní Borås, ìlú kan nílẹ̀ òyìnbó, ni, Sixten Ahlgren ì bá ti gbọ́ ọ láti kékeré, bóyá ǹ bá má sì rí ìtàn kankan sọ. Ṣùgbọ́n ní Borås, ẹni tó bá dákẹ́ ni wọ́n ń pè ní ọmọlúàbí. Sixten sì jẹ́ ọmọlúàbí débi pé, lọ́jọ́ tí obìnrin kan ṣoṣo tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́ ń di ẹrù lọ sí òkè àríwá, ohun tó rí bi í ni pé ṣé ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin.

Gunvor Stenlund ni orúkọ obìnrin náà. Ọdún mọ́kàndínlógún ni òun àti Sixten fi jókòó kojú ara wọn nínú yàrá kan náà, ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ta aṣọ fèrèsé fún àwọn tó ń rajà láti inú ìwé. Àwọn méjèèjì ló ń kọ ọ̀rọ̀ tó máa ń wà lábẹ́ àwòrán nínú ìwé àfihàn ọjà náà: pé aṣọ yìí kì í ṣá, pé èyí dára fún ilé ìdáná, pé òdòdó ara tọ̀hún á mú ìgbà ìrúwé wọlé kí ó tó dé ìta. Iṣẹ́ náà ò le, kò sì dùn. Ohun tó ń mú un dùn ni aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀, nígbà tí gbogbo ilé iṣẹ́ bá pa iṣẹ́ tì láti mu kọfí.

Ọ̀gá wọn, Pär-Anders Lindvall, fẹ́ràn ìwé. Kì í ṣe ìwé ìtàn, kì í sì í ṣe ìwé Ọlọ́run. Ìwé tó ń kọ́ ọ̀gá bí a ti ń ṣe ọ̀gá ni tirẹ̀, èyí tí àwọn olùdámọ̀ràn ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń kọ, tí àwòrán òkè ńlá tàbí ẹyẹ idì kì í wọ́n lára èèpo rẹ̀. Ọdọọdún, bí Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé, á fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan. Àwọn mìíràn fi tiwọn ti ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì. Sixten àti Gunvor nìkan ló ń ka tiwọn. Sixten á dìde, á tún táì ọrùn rẹ̀ ṣe, á wá máa kà á pẹ̀lú ohùn àlùfáà tó ń sìnkú olówó. "Ìwọ olórí, ṣé o ti gbálẹ̀ ọkàn rẹ lónìí?" Gunvor á kọ́kọ́ gbìyànjú láti pa ẹ̀rín náà mọ́ra. Imú rẹ̀ ni ẹ̀rín máa ń gbà jáde, bí ẹni fẹ́ sín. Á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá tábìlì. Bó bá yá, á bọ́ awò ojú sílẹ̀ kí ó lè ráyè nu omijé. Ẹ̀rín yẹn ni Sixten ń tìtorí rẹ̀ jí láràárọ̀. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kò tilẹ̀ sọ ọ́ fún ara rẹ̀ títí tí ẹ̀rín náà fi gbéra ńlẹ̀.

Bó ṣe lọ nìyí. Lọ́dún 1993, Pär-Anders ka ìwé kan tó ní kí olórí gé ẹ̀ka tó bá sún mọ́ ọn jù, kí igi lè ráyè ga. Ó gbé ìwé sílẹ̀, ó mú ayùn. Ó kó gbogbo àwọn tó ń gba ìpè oníbàárà, àti ìdajì àwọn òǹkọ̀wé, lọ sí Skellefteå, òkè lọ́hùn-ún, níbi tí ọkọ̀ ojú irin gan-an kò dé, tó jẹ́ bọ́ọ̀sì ni wọn yóò wọ̀ parí ìrìn. Wọ́n béèrè ta ni ará ibẹ̀. Ìtòsí ibẹ̀ ni wọ́n bí Gunvor sí, ìyá rẹ̀ sì wà níbẹ̀ láàyè. Wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ó fi rò ó.

Ọ̀sẹ̀ méjèèjì yẹn, ojú Sixten ni Gunvor ń wò. Á kọ ìlà kan, á gbójú sókè, á wò ó, bí ẹni tó ti béèrè ọ̀rọ̀ tó ń retí èsì. Sixten rí i. Ojú rẹ̀ ò kúkú fọ́. Ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ ni pé, ta ni èmi tí màá ní kí ènìyàn má padà sí ìlú ìyá rẹ̀? Ọgbọ́n nìyẹn, ṣùgbọ́n kí Ọlọ́run má fi irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ dá wa lọ́lá. Lọ́jọ́ ìkẹyìn wọ́n gé àkàrà òyìnbó aláwọ̀ ewé, wọ́n kọrin. Sixten bá a gbé páálí ẹrù rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé ẹnu ọkọ̀ tó wá gbé e.

"Ṣé o ti ra tíkẹ́ẹ̀tì?" ó bi í.

"Mo ti rà á."

"Ó dára. Òtútù á wà níbẹ̀ o."

"Sixten, ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí."

Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìdàkọ sí ibi tí tábìlì Gunvor wà. Gbogbo ọjọ́ ni ẹ̀rọ náà ń kùn lójú Sixten, gbogbo aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ló sì ń mu kọfí pẹ̀lú rẹ̀. Àárò sọ ọ́ débi pé, bí ẹnì kan bá sín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á gbórí sókè. Ó ní nọ́ńbà fóònù Gunvor lọ́wọ́. Ó ń pè é lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, lọ́sẹ̀ Kérésìmesì, wọ́n á sọ̀rọ̀ yìnyín fún ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n á kí ara wọn kú ọdún. Sixten kì í ṣe ẹni tó ń pe ènìyàn láìnídìí, kò sì tíì rí ohun tó lè pè ní ìdí.

Lọ́dún kejì, Pär-Anders tún pín ìwé. Sixten mú tirẹ̀, ó dìde nínú yàrá tó dá wà, ó tún táì ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á pẹ̀lú ohùn àlùfáà yẹn. Ó ka ojú ìwé kan tán. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ ò lè rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó fi bébà sẹ́nu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí tó burú ju ti ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Ó fún ara rẹ̀ ní orúkọ: Dókítà Chester Blom, ọmọ bíbí ilẹ̀ Minnesota, olùdámọ̀ràn fún àwọn aláṣẹ tí kò lónkà. Ó sọ ìwé náà ní *Dìde Kúrò Lórí Àga Rẹ*. Orí méjìlá ni. Ní orí kìíní, Dókítà Blom ní bí iná bá ń jó ilé iṣẹ́, kí olórí má sáré pe panápaná, kí ó kọ́kọ́ jókòó ti iná náà kí ó bi í pé kí ló ń fẹ́. Ní orí kẹrin, ó ní ìpàdé tó so èso ni èyí tó bí ìpàdé mìíràn. Ní orí kẹfà, ó ní kí wọ́n má yin òṣìṣẹ́ àfi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí ìyìn má baà mọ́ ọn lára. Ní orí kẹsàn-án, ó ní ọ̀gá rere dà bí aṣọ fèrèsé: ó so rọ̀, kò ṣe iṣẹ́ kankan, ṣùgbọ́n ẹ yọ ọ́ kúrò kí gbogbo ará àdúgbò wá wo ohun tó wà nínú ilé. Gunvor ló ni ọ̀rọ̀ aṣọ fèrèsé yìí. Ó ti sọ ọ́ lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, pẹ̀lú búrẹ́dì lẹ́nu.

Gbogbo gbólóhùn tí Sixten bá kọ, á dúró díẹ̀, á tẹ́tí, bí ẹni pé imú ẹnì kan fẹ́ dún ní apá kejì tábìlì. Bí ó bá dá a lójú pé Gunvor ì bá rẹ́rìn-ín, á fi sílẹ̀. Bí kò bá dá a lójú, á pa á rẹ́. Ọdún kan ààbọ̀ ló fi kọ ọ́. Orí kejìlá nìkan ló kọ láì tẹ́tí. Ọjọ́ Àìkú kan ni, ó kàn ń rò ó bí òun ṣe gbé páálí yẹn sọ̀ kalẹ̀, ni ìka rẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ jáde pé: "Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá sọ nínú ìpàdé, má ṣe dúró dè é mọ́, kò sí nínú ètò." Ó wò ó. Ó fi àwàdà bíi mẹ́ta dí i lápá ọ̀tún, ó fi bíi mẹ́rin dí i lápá òsì, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹni tó sùn sáàárín.

Ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Göteborg, ọkùnrin méjì péré ló ń ṣe é, tẹ ẹgbẹ̀rin ẹ̀dà. Wọ́n bi í bóyá kí wọ́n kọ ọ́ sára èèpo pé àwàdà ni. Sixten ní rárá, ó ní àwàdà tó bá ń ṣàlàyé ara rẹ̀ ti tẹ́. Ó gba ẹ̀dà mẹ́fà tirẹ̀. Ó fi bébà wé ọ̀kan, ó kọ àdírẹ́sì Gunvor sí i, ó fi sínú àpò iṣẹ́ rẹ̀. Oṣù méjì gbáko ni ìwé náà fi ń bá a lọ síbi iṣẹ́ tó ń bá a bọ̀. Ilé ìfìwéránṣẹ́ wà lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ìwé ránṣẹ́, ó yẹ ká fi lẹ́tà há a, kí wá ni lẹ́tà náà á sọ? Ó kọ lẹ́tà mọ́kànlá. Gbogbo wọn ló sọ̀rọ̀ òtútù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn tí Pär-Anders fi ti Göteborg dé ní ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹsàn-án, tí ìwé Dókítà Blom sì wà ní abíyá rẹ̀. Wọ́n ti tò ó mọ́ àwọn ìwé àwọn aláṣẹ ní ṣọ́ọ̀bù inú ibùdókọ̀ ojú irin.

"Mo ti rí i," Pär-Anders wí lẹ́nu ọ̀nà yàrá Sixten. "Gbogbo èyí tí mo ti ń kà bọ̀, ìmúrasílẹ̀ lásán ni wọ́n. Ọkùnrin yìí mọ̀ wá. Ó kọ ọ̀rọ̀ aṣọ fèrèsé, Sixten. Aṣọ fèrèsé."

"Ṣé bẹ́ẹ̀?" Sixten dáhùn.

"Mo ti ra mẹ́sàn-án. A máa dá ẹgbẹ́ ìkàwé sílẹ̀, gbogbo Ọjọ́rú, aago mẹ́ta. Tá a bá parí tiwa, Skellefteå á ṣe tiwọn."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ti dé eyín Sixten nígbà tó gbọ́ Skellefteå. Ó gbé e mì. Ìwé náà á dé iwájú Gunvor fúnra rẹ̀, láìsí sítáǹpù, láìsí lẹ́tà. Á ṣí orí kẹsàn-án, á bá ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ pàdé, á mọ ẹni tó gbé e pamọ́ fún un láti ọdún yìí wá. Á rẹ́rìn-ín, á sì pe fóònù. Bó bá ti pè, ọ̀rọ̀ yòókù á wá fúnra rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Sixten mú aṣọ ìnujú, ó nu fóònù orí tábìlì rẹ̀ títí tó fi ń dán.

Àwọn mẹ́sàn-án ló yí tábìlì gígùn ká ní Ọjọ́rú àkọ́kọ́. Kọfí wà nílẹ̀, búrẹ́dì dídùn wà nílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé ọ̀rọ̀ á yípo tábìlì, kálukú á sọ tirẹ̀ nígbà tó bá kàn án, ẹnikẹ́ni kò sì ní ta ko ẹni tó ṣáájú rẹ̀. Ohun tí ẹnu bá kò lé lórí ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Ètò tó dára ni, mo ti jókòó nínú rẹ̀ rí, ó ń jẹ́ kí ènìyàn jẹun lálàáfíà. Ọjọ́ tí ẹni àkọ́kọ́ bá ṣìnà nìkan ni ó máa ń burú, nítorí gbogbo wọn ló máa bá a lọ.

Pär-Anders sì ni ẹni àkọ́kọ́. Ó ka ọ̀rọ̀ iná. Ó pa ìwé dé, ó wo òkè àjà díẹ̀. "Èyí gbà mí lọ́kàn gan-an," ó ní. "Ẹ ṣáà mọ̀ pé kì í ṣe iná gidi ló ń wí."

"Rárá, kì í ṣe iná gidi," ni Ann-Sofi wí, ẹni tó ń bójú tó àwòrán. "Iná inú ni."

Ó kan Bengt-Åke, ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tí irùnmú rẹ̀ bo ètè. Kọ́ọ̀pù ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Sixten rí i tí èjìká rẹ̀ gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, tó tún gbọ̀n. Rẹ́rìn-ín, Sixten ń bẹ̀ ẹ́ nínú, jọ̀wọ́, rẹ́rìn-ín, kí àwọn yòókù lè rí ẹni tẹ̀ lé. Bengt-Åke gbé kọfí mì, ó nu irùnmú.

"Ó jinlẹ̀," ó ní. "Àmọ́ ní ọ̀dọ̀ tiwa, a ṣì máa pe panápaná."

"Ìyẹn náà dára. A lè ṣe méjèèjì," Pär-Anders dáhùn. Wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé méjèèjì ni wọn yóò ṣe.

Báyìí ni wọ́n ṣe ka ìwé náà láti Ọjọ́rú dé Ọjọ́rú, orí méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n gba òfin ọjọ́ Ìṣẹ́gun wọlé. Láti ìgbà yẹn ni Ann-Sofi ti ń tọ́jú àwọn àwòrán tó bá dára sínú dúrọ́ọ̀, kí ó lè kó wọn jáde lọ́jọ́ tí ìyìn wà. Lọ́jọ́bọ̀ kan ó dá Sixten dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ohun tí o kọ sábẹ́ aṣọ olómi-aró yẹn," ó ní, ó wá rántí, "tóò, màá rí ọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun." Orí kẹsàn-án gbà wọ́n ní odidi wákàtí kan. Omi tilẹ̀ lé ró-ró lójú Pär-Anders. Ó ní ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti rí òun báyìí.

Lẹ́yìn èyí ni Bengt-Åke dúró de Sixten níbi àtẹ̀gùn.

"Ìwọ tí o máa ń kàwé," ó ní, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìwé yẹn, ṣé kò ń ṣe ọ́ bákan?"

"Bákan báwo?"

"Bíi pé onítọ̀hún ń fi wá..." Ó wo ẹ̀yìn. "Má dá mi lóhùn. Gbogbo wọn ló ṣáà gbà á. Bóyá orí tèmi ni kò gbé e."

"Bóyá," ni Sixten wí. Ó wù ú kí ó dì mọ́ ọkùnrin náà. Ó bá a mú ilẹ̀kùn dání.

Nígbà tí wọ́n parí orí kejìlá, Sixten ní kí wọ́n wá fi ìwé ránṣẹ́ sí Skellefteå. Ohùn rẹ̀ yá ju bó ṣe máa ń rí lọ, àwọn méjì kan wò ó.

"Ṣọ́ọ̀bù ò ní mọ́," Pär-Anders dáhùn. "Àti pé fóònù ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, ibo ni wọ́n ti fẹ́ ráyè? Ojú ìwé kan ti tó. Sixten, ìwọ ni alágékúrú wa. Orí méjìlá, kókó méjìlá, gbólóhùn kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣé ẹnikẹ́ni ní èrò mìíràn?"

Ọ̀rọ̀ yípo tábìlì. Ann-Sofi kò ní. Bengt-Åke kò ní. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Sixten, ó ní èrò mìíràn, ó ní i títí dé ọ̀fun. Gbogbo wọn ń wò ó tẹ̀ríntẹ̀rín, kọfí ti ń tutù, aago mẹ́rin ti fẹ́ lù. "Kò sí," ó ní.

Ó sì gé e. Ọgbọ̀n ọdún ni ọkùnrin yìí ti fi ń gé ọ̀rọ̀ kó lè gba abẹ́ àwòrán, ọwọ́ rẹ̀ ò mọ bí a ti ń ṣe iṣẹ́ náà ní ìdajì. Àwàdà ń gba àyè. Ohun tó ń mú un pani lẹ́rìn-ín ni pé ó gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀rọ̀ iná di "Fetí sí ìṣòro kí o tó yanjú rẹ̀." Aṣọ fèrèsé kò ṣeé gé sí ìlà kan, ó yọ ọ́, ó fi "Jẹ́ ẹni tí wọn yóò mọ̀ bí o kò bá sí" rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó parí, ojú ìwé náà mọ́ tónítóní, ẹ̀rín ẹyọ kan kò kù lára rẹ̀. Kókó kejìlá nìkan, nígbà tó ti yọ àwàdà ọ̀tún àti ti òsì kúrò, ni kò rí ohun tí yóò gé níbẹ̀ mọ́. Gbólóhùn kan ni tẹ́lẹ̀, ó sì fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó fi bébà náà ránṣẹ́, ó ń tan ara rẹ̀ pé Gunvor á ṣì gbọ́ òórùn òun lára rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Ní ìparí oṣù kẹwàá, ìjábọ̀ dé láti Skellefteå, ojú ìwé kan, Gunvor Stenlund ló fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé. "A jókòó, a sì jíròrò kókó méjèèjìlá. Gbogbo wa fara mọ́ wọn. Kókó kejìlá ran ẹnì kan nínú wa lọ́wọ́ gidigidi. Kọfí wà."

Sixten kà á nígbà méje. Ṣé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni? "Kọfí wà" yẹn, àbí ohun tí akọ̀wé kan ṣáà ń kọ ni? Ta ni kókó kejìlá ràn lọ́wọ́? Ìrètí gbé e nílẹ̀ débi pé kò tíì jókòó tó fi gbé fóònù. Ó ti wá rí ìdí.

"Ilé aṣọ fèrèsé, Gunvor ló ń gbọ́."

"Èmi ni. Sixten."

"Ṣé Kérésìmesì ti dé ni?"

"Mo rí ìjábọ̀ yín."

"Ẹ̀hẹn. Èwo ni mo ṣì kọ níbẹ̀? O ò tíì fi ìwà yẹn sílẹ̀."

"O ò ṣì í kọ. Ó dára." Ó fa àga mọ́ra. "Kókó kejìlá yẹn. O ní ó ran ẹnì kan lọ́wọ́."

"Èmi ni," Gunvor wí. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ, ṣùgbọ́n a kì í sọ nǹkan. Ọkùnrin kan wà níbí, Evert. Òun ló ń wa ọkọ̀ tí ń gbá yìnyín lójú títì wa. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Láti ìgbà ìrúwé ló ti ní kí n wá máa bá òun gbé ní Byske, ilé rẹ̀ kọjú sí òkun. Mi ò dá a lóhùn."

"Kí ló dé?"

"Mò ń dúró de nǹkan."

"Kí ni nǹkan ọ̀hún?"

"Sixten, má bi mí ní ohun tí o mọ̀."

Ẹ̀rọ ìdàkọ ń kùn.

"Ọdún mọ́kàndínlógún lọ́hùn-ún, ọdún mẹ́ta níbí," Gunvor ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Ìgbà náà ni ẹ fi bébà yẹn ránṣẹ́. Mo ní ìranù tí wọ́n máa ń kó wá náà ni. Mo ń wo àwọn èèyàn yíká tábìlì, mò ń wá ẹni tí mo lè ṣẹ́jú sí, n ò rí ẹnì kankan. O ò mọ bí àárò rẹ ṣe sọ mí lọ́jọ́ yẹn. A wá dé orí ti ìkẹyìn. Ohun tí wọn ò bá sọ, má dúró dè é mọ́. Kò sí nínú ètò. Ara mi tutù. Mo ní, Gunvor, o ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, kí lò ń retí? Òmùgọ̀ ló kọ ìwé yẹn, ṣùgbọ́n òtítọ́ ló sọ níbẹ̀ yẹn. Ọjọ́ náà ni mo dá Evert lóhùn. Oṣù tó ń bọ̀ ni màá kó lọ."

"Èmi ni mo kọ ọ́," Sixten wí.

"Kí lo kọ?"

"Ìwé yẹn. Kò sí Dókítà Blom kankan. Odidi ìwé ni, àwàdà ni gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ aṣọ fèrèsé tìrẹ wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí n gé e, mo gé e. Mo kọ ọ́ kí o lè rẹ́rìn-ín."

Sixten gbọ́ tí Gunvor fa àga, tó jókòó.

"Ojú ìwé mélòó?"

"Mẹ́rìnlélọ́gọ́fà."

"Ọ̀rọ̀ méjì ni mo fẹ́ lẹ́nu rẹ, Sixten. Lọ́jọ́ tí o gbé páálí mi sọ̀ kalẹ̀. Méjì péré. Mo tilẹ̀ ń ṣe bí ẹni tí kò rí ìgbànú ìjókòó, kí o lè ráyè sọ ọ́."

Sixten mọ ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ó ti ń gbé wọn kiri pẹ́ ju ìwé inú àpò lọ.

"Má lọ," ó ní.

Nígbà náà ni imú Gunvor dún. Ó gbìyànjú láti pa á mọ́ra, kò gbà fún un. Sixten gbọ́ ọ tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ gbá tábìlì ní Skellefteå, ó gbọ́ ọ tó bọ́ awò ojú sílẹ̀. Omijé pọ̀ nínú ẹ̀rín náà ju bó ṣe yẹ lọ. "Wo ìgbà tó sọ ọ́," ó ń wí láàárín rẹ̀, "Olúwa mi, wo ìgbà tí ọkùnrin yìí sọ ọ́." Ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀ ń bi í léèrè ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

"Mo ti fún Evert lọ́rọ̀ mi, ṣó o gbọ́?" ó ní nígbà tó mí. "Èèyàn rere ni."

"Mo gbọ́."

Ẹ̀rín náà tún gbé e lọ. Sixten fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú sétí. Kò fẹ́ kí ohunkóhun dí i lọ́wọ́. Ó fetí sí i títí tó fi ń rọlẹ̀, títí tó fi tán pátápátá, nítorí láti oṣù tó ń bọ̀, Evert ni yóò máa gbọ́ ọ.